Òṣùwọ̀n Ẹ̀kọ́: Láti Cambridge Dé Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹni tí ó bá dúró ní oríta Ọ̀jọ́ọ̀ ní Ìbàdàn lówùúrọ̀, níbi tí ọ̀nà Ọ̀yọ́ ti pàdé èyí tí ó ń ti Èkó bọ̀, yóò rí àwọn ọmọ iléèwé tí orírun wọn kò papọ̀: ọmọ àgbẹ̀ láti ìhà Mọ́níyà, ọmọ Hausa tí òbí rẹ̀ ń ta tòmátì ní ọjà Ṣáṣá, àti ọmọ ṣọ́jà bárékè Odógbo, tí ó lè jẹ́ pé Kàdúná ni ó ti kàwé lésìí. Síbẹ̀, ìlànà kan náà ni ìjọba fi lélẹ̀ fún gbogbo wọn, ìdánwò kan náà ni wọn yóò sì jọ ṣe. Bí òṣùwọ̀n yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, èrè tí ó mú wá àti ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wa, tó ohun tí à ń gbé yẹ̀wò.

Òkè òkun ni òṣùwọ̀n náà kọ́kọ́ wà. Cambridge ni ó ń ṣètò ìdánwò tí àwọn ọmọ wa fi ń jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tí wọ́n sì dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn Mesi Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, ní 1948, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbà, títí ó fi dá dúró ní 1962. Iyì ń bẹ nínú oyè bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ibi tí a mú un dé tí wọn kò kà á sí. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá WAEC, àjọ tí ń ṣètò ìdánwò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1952, kí òṣùwọ̀n náà lè sún mọ́ ilé.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, pẹ̀lú Olóyè S. O. Awókọ́yà tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ṣí ilẹ̀kùn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ tí kò ju nǹkan bí 457,000 lọ ní 1954 di èyí tí ó lé ní 811,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́jọ tí a fi ń ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì di mẹ́fà. Ta ni yóò rí ọmọ tálákà nínú kíláàsì tí inú rẹ̀ kò ní dùn? Àmọ́ kò sí ohun tí ó dára tí kò ní àléébù: àwọn olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ kò tó, ìgbìmọ̀ Banjo tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 1960 sí 1961 sì tẹnu mọ́ ọn.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè jáde ní 1977, tí ètò 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta ní ìpele méjèèjì girama, mẹ́rin ní yunifásítì) sì bẹ̀rẹ̀ ní 1982, àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba fún ọmọ ṣọ́jà tí bàbá rẹ̀ ń ṣí láti bárékè dé bárékè, nítorí ibi tí ó bá ẹ̀kọ́ dé ní Kàdúná ni yóò ti máa bá a lọ ní Odógbo. Ṣùgbọ́n àṣẹ yá ju irinṣẹ́ lọ: ẹ̀rọ tí wọ́n kó wá fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú àpótí ní ọ̀pọ̀ iléèwé, kò sí iná, kò sí olùkọ́ tí yóò tú u.

Ní ti èdè, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970, fún odindi ọdún mẹ́fà, wọn kò sì rẹ̀yìn. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 2022, ó sì tún wọ́gi lé e ní 2025.

Kóńgò ni a fi ń wọn ẹ̀wà ní Ṣáṣá, ṣùgbọ́n kóńgò kì í gbin ẹ̀wà. Kí ìdánwò wa máa jẹ́ ọ̀kan náà, ó tọ́. Ṣùgbọ́n kí ìjọba jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yan èdè tí yóò fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n sì ka iye olùkọ́ tí ó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pàṣẹ òmíràn.