Ìpadàbọ̀ sí Ìdí Ìwé: Ètò Kíkà kan fún Ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé Àbújá

Ní oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba ológun ṣe òfin tí ó dá agbègbè olú-ìlú tuntun sílẹ̀. Ó lé ní ọdún márùndínlógún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1991, kí ìjọba àpapọ̀ tó kó kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá ni ó bá a lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Kúbwá àti Nyanya nígbà náà ti ń di òbí báyìí. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ọ́fíìsì níbẹ̀, Haúsá ni ó gbòde ní ọjà, àwọn Gbagyi tí ìjọba bá lórí ilẹ̀ náà sì ní èdè tiwọn. Yorùbá kò kú níbẹ̀; a ń gbọ́ ọ ní ilé ìjọsìn àti ní ìpàdé ọmọ ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni gbígbọ́, ọ̀tọ̀ ni kíkà.

Ẹni tí àpilẹ̀kọ yìí wà fún ni ẹni tí ó ti ka ìwé Yorùbá rí ní ilé-ẹ̀kọ́, tí ó ti pa á tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó wá ń fẹ́ padà sí i. Ìwé wo ni kí ó kọ́kọ́ ṣí? Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni ìwé Fágúnwà. A kò fara mọ́ ìdáhùn yìí. Kì í ṣe pé Fágúnwà kò tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìwé Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ó mú wa rò pé ìparí ètò ni ó yẹ kí ó wà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí òǹkàwé ti yà kúrò lọ́nà. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì ni mímọ ìwé kà ti bẹ̀rẹ̀ láàrin wa, ṣùgbọ́n nígbà tí Henry Townsend gbé Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, àgbàlagbà ni ó ń fi 120 owó ẹyọ rà á, kì í ṣe nítorí ìdánwò kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Èkó ní ọdún 1929, nígbà tí Isaac B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ sínú Akéde Èkó, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, títí di ọdún 1930. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí olóòtú. Ọ̀pọ̀ ni ó gbà pé obìnrin gidi kan ni ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lórí àkéte àìsàn. Irú òǹkàwé wọ̀nyí kò nílò olùkọ́ tí yóò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n kà.

Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1938 gba ọ̀nà mìíràn wá. Ìdíje tí ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ṣe ni ó mú un jáde, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó sì gbé e ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Láti ìgbà náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ti di ọjà ìwé wa. A kò gbọdọ̀ fi ojú tín-ín-rín wo oore yìí, nítorí pé bí kò bá sí ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ì bá má tẹ ìdajì ohun tí wọ́n tẹ̀. Àmọ́ ó ní ẹrù tí ó dì mọ́ ọn. Ìwé tí a kà nítorí ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ọjọ́ tí ìdánwò parí ni a ń pa á dé.

Àkọtọ́ ni ìdínà kejì. Ìpàdé ìjọ C.M.S. tí ó wáyé ní Èkó ní ọdún 1875 ni ó fi ìdí àkọtọ́ àtijọ́ múlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tú u yẹ̀ wò nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1965, ìgbìmọ̀ kan jókòó lé e lórí ní ọdún 1969, ìjọba sì fọwọ́ sí èyí tí a ń lò báyìí ní ọdún 1974. Ẹni tí ó kàwé lẹ́yìn ìgbà yìí, tí ó wá bá ẹ̀dà àtijọ́ pàdé, yóò rí ‘aiye’, ‘enia’, ‘nwọn’ àti ‘yio’ ní ojú ewé kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ yóò máa kọsẹ̀. Yóò rò pé òun ti gbàgbé èdè òun, bẹ́ẹ̀ ìgbàgbé kọ́.

Nítorí náà, eré onítàn ni kí ó kọ́kọ́ mú, kí ó sì kà á sókè. Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní ọdún 1970 ni a yàn. Bí tọkọtaya bá pín ipa láàrin ara wọn ní yàrá ìgbàlejò, etí yóò ran ojú lọ́wọ́, àwọn ọmọ tí ń wo tẹlifíṣọ̀n yóò sì gbọ́ ohun tí wọn kò gbọ́ rí. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn. Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní ọdún 1874 kì í ṣe ẹ̀dá inú eré lásán, àwọn òpìtàn kan sì ti bèèrè bóyá ìkà tí eré náà fi í hàn ni ó jẹ́ tán. Kí òǹkàwé bá wọn jiyàn. Ó Le Kú (1974) ni kí ó tẹ̀lé e. Fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe nínú rẹ̀ ní ọdún 1997 ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Àjàní àti àwọn ọmọge rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìwé náà. Ẹni tí ó ti mọ ibi tí ìtàn ń lọ kì í bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí ó bá ta kókó.

Àjà Ló Lẹrù ti Oládẹ̀jọ Òkédìjí ni ẹ̀kẹta. Ọdún 1969 ni ó jáde, ọdún tí ìgbìmọ̀ àkọtọ́ jókòó gan-an. Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni ó ń tọpa àwọn ọ̀daràn nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kún fún òwe àti ẹ̀fẹ̀. Ní tèmi, kò sí ìwé Yorùbá tí ó ṣòro láti gbé sílẹ̀ bí èyí.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó jẹ́ pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Òun ni a fi Aké: Ní Ìgbà Èwe kún un fún, ìtumọ̀ tí Ìṣọ̀lá ṣe ní ọdún 2001 sí ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní ọdún 1981. Bí ó bá ti ka ti Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, yóò ṣe ohun tí kò wọ́pọ̀: yóò gba Gẹ̀ẹ́sì padà sí Abẹ́òkúta. Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ (1969), lórí àwọn tí ń wá òmìnira kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́, lè tẹ̀lé e. Sẹ̀gilọlá ńkọ́? Bí àwọn ará Èkó ti ṣe é ni kí ó ṣe é: lẹ́tà kan ní ọ̀sẹ̀ kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Karin Barber tún un tẹ̀ ní ọdún 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Níbo ni ará Àbújá yóò ti rí ìwé wọ̀nyí? Láti ọdún 1970 ni òfin ti ní kí gbogbo atẹ̀wé máa fi ẹ̀dà mẹ́ta ohun tí ó bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ orí ilé ńlá tí wọ́n fẹ́ kọ́ fún un ní Àbújá, tí wọ́n gbé fún agbaṣẹ́ṣe ní ọdún 2006, kò tíì parí ní ọdún 2024. Ohun tí ó yá jù ni kí ènìyàn ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kí wọ́n kó ìwé náà fún awakọ̀ ní ibùdókọ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí ó wá kan Fágúnwà. Nígbà náà, gbólóhùn gígùn rẹ̀ kò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́, àkọtọ́ àtijọ́ tí ó wà nínú àwọn ẹ̀dà kan yóò sì ti di ohun tí a ń fi ojú fò. Àdììtú Olódùmarè (1961) ni kí ó fi ṣíde, nítorí pé ayé inú rẹ̀ súnmọ́ tiwa ju ti àwọn mẹ́rin ìṣáájú lọ. Kí ó wá padà sẹ́yìn sí ọdún 1938. Àdììtú ni ó kẹ́yìn nínú ìtàn àròsọ márùn-ún tí ó fi sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni Fágúnwà bómi lọ ní Wúyà, lẹ́bàá Bídà, ní ìpínlẹ̀ tí ó bá Àbújá pààlà lónìí.