Títa Orin Orí Ìtàgé Tí Olórin Kò Fọwọ́ Sí

Òwò yìí ni kí ènìyàn gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wọ ibi tí olórin ti ń ṣeré, kí ó gba ohùn rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ di àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì fún títà láìgba àṣẹ rẹ̀. Bootleg ni àwọn olówò rẹ̀ ń pè é. Ó yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ṣe àdàkọ àwo tó ti wà lọ́jà, nítorí ohun tí kò sí lọ́jà rárá ni oníbootleg ń tà, ohun tí olórin fúnra rẹ̀ lè má fẹ́ kó dé ibẹ̀ láé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti fòfin de òwò náà báyìí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí òfin tó rí ibi dì í mú.

Iṣẹ́ tí a ti kọ sílẹ̀ tàbí tí a ti gbà sílẹ̀ ni òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ sábà máa ń dáàbò bò. Ẹni tó dá orin sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, òun náà sì lè pe oníbootleg lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n olórin tó fi ohùn gbé orin ẹlòmíràn jáde lórí ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ kan kò ní ìwé, kò ní àwo, tó lè nawọ́ sí pé tòun nìyí. Àfi kí wọ́n ṣe òfin mìíràn fún un.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tètè gbé ìgbésẹ̀. Láti 1925 ni òfin ibẹ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀ràn láti gba eré olórin sílẹ̀ láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀ ní kíkọ. Ìyà ọ̀daràn ló wà nínú òfin yẹn, kò sọ̀rọ̀ nípa owó gbà-má-bínú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ RCA pe ẹnì kan tó ń ta àwo bootleg Elvis Presley lẹ́jọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé òfin náà kò fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo láṣẹ láti pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin 1988 ló tún un ṣe: ó fún olórin, àti ẹni tí olórin bá bá ṣe àdéhùn pé òun nìkan ni yóò máa gba orin rẹ̀ sílẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti lọ sílé ẹjọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò dáàbò bo ohùn tí a gbà sílẹ̀ rárá títí di ọjọ́ 15 oṣù Kejì 1972. Inú àlàfo yẹn ni bootleg ti gbilẹ̀. Ní 1969, àwo Great White Wonder tí wọ́n kó orin Bob Dylan sí jáde ní Los Angeles. Kí ọdún náà tó parí, àwo mìíràn ti tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n gbà níbi tí ẹgbẹ́ Rolling Stones ti ṣeré ní Oakland. Orin Elvis náà ló tún dá ẹjọ́ ẹnì kan tó ń jẹ́ Dowling, tó ń ta irú àwo bẹ́ẹ̀, sílẹ̀. Ní 1985, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé a kò lè ka àwo bootleg sí ẹrù òlè lábẹ́ òfin tó de gbígbé ẹrù òlè láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bi títẹ ẹ̀tọ́ àwọn tó ni orin lójú ṣì wà lọ́rùn ọ̀daràn náà.

Àdéhùn ìṣòwò àgbáyé ló ti Amẹ́ríkà débi òfin tòótọ́. Ní oṣù Kejìlá 1994, wọ́n ṣe òfin tó fún olórin láyè láti pe ẹni tó gba eré rẹ̀ sílẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́jọ́, tó sì lè fi ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nítorí owó sẹ́wọ̀n ọdún 5, tàbí 10 bí ó bá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ ìgbà tí ẹ̀tọ́ yìí yóò parí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé fún àkókò tó ní òpin nìkan ni ìjọba lè dáàbò bo ìwé àwọn òǹkọ̀wé. Nígbà tí wọ́n gbé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù àwo Midnight Records ní Manhattan dé ilé ẹjọ́, adájọ́ Harold Baer fagi lé ẹ̀ka ìwà ọ̀daràn inú òfin náà ní 2004, ó ní ààbò tí kò lópin ni, ó sì tún kan ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀. Ní 2007 ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà: wọ́n ní òfin tó ń de òwò ni, kì í ṣe òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ. Òfin náà dúró. Síbẹ̀, ìbéèrè Baer ní láárí, nítorí ó ṣòro láti sọ ìdí tí eré alẹ́ kan yóò fi ní ààbò tó pẹ́ ju ti ìwé tí ènìyàn fi ọdún mẹ́wàá kọ lọ.

Ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ ibi tí olórin ti wá ló dájà sílẹ̀. Phil Collins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣeré ní California ní 1983. Àwo eré náà sì ń tà ní Jámánì láìgba àṣẹ rẹ̀. Òfin Jámánì dáàbò bo ọmọ Jámánì níbikíbi tó bá ti ṣeré, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún àlejò tó ṣeré ní Amẹ́ríkà, orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú Àdéhùn Róòmù ti 1961 tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ òṣèré. Ní oṣù Kẹwàá 1993, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù dá a láre: orílẹ̀-èdè kan nínú Àwùjọ Yúróòpù kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú sí àwọn ọmọ tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ yìí.

Ìyọ̀ǹda ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ Grateful Dead fàyè gba àwọn olólùfẹ́ wọn láti gba eré wọn sílẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ya ibìkan sọ́tọ̀ fún wọn ní 1984, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ kí ẹnikẹ́ni tà á. Ẹgbẹ́ Pearl Jam fúnra wọn ló gbé àwo eré 72 jáde láti inú ìrìnàjò wọn ti 2000.

Nàìjíríà wọ Àdéhùn Róòmù ní 1993. Kó tó dìgbà náà, òfin 1988 ti fún òṣèré láṣẹ láti pinnu ẹni tó lè gba eré rẹ̀ sílẹ̀ tàbí ṣe ẹ̀dà rẹ̀, fún 50 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí eré náà kọ́kọ́ wáyé. Òfin tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023 ti rọ́pò rẹ̀, ẹ̀tọ́ òṣèré sì ṣì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, live play tí oníjùjú tàbí onífújì ṣe lóde ìnáwó, tí ẹlòmíràn wá ń tà, kò bọ́ sí ìta òfin. Owó tí onínàáwó san, owó eré ọjọ́ náà ni. Kò fún òun tàbí ẹni tó ń ya fídíò láṣẹ láti gbé ohùn olórin lọ sọ́jà, àfi bí olórin bá fọwọ́ sí i.