Orí pípá lára ọkùnrin: Ibi tí irun ti lè padà hù, àti ibi tí ó ti nira

Láti Ìyànà Ìbà dé Okókómáikò, kò ṣòro láti rí ẹni tó ń ta òróró, ọṣẹ tàbí ìpara fún ọkùnrin tí orí rẹ̀ ń pá. Ohun tí òǹtajà kì í sábà sọ ni pé gbogbo orí kì í gbọ́ oògùn bákan náà. Oògùn tó hu irun sí àtàrí lè má ṣe nǹkan kan sí ẹ̀bátí. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè máa náwó sí ohun tí kò lè ṣiṣẹ́, tàbí kó pa èyí tó ń ṣiṣẹ́ tì láìpé ọjọ́.

Kí ló ń fà á?

Orí pípá tó wọ́pọ̀ jù lára ọkùnrin jẹ́ èyí tó ń tọ ìran. Kì í ṣe fìlà ló ń fà á, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Họ́mónù kan wà lára ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní DHT. Bí gbòǹgbò irun kò bá lè fara dà á, gbòǹgbò náà á máa súnkì díẹ̀díẹ̀. Irun ibẹ̀ á di tín-ín-rín, á kúrú, títí kò fi ní hù mọ́.

Gbòǹgbò irun tó wà ní ìpakọ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí máa ń fara da DHT. Ìdí nìyẹn tí bàbá tí àárín orí rẹ̀ ń dán bíi dígí ṣì fi ń ní irun yí etí po. Dókítà James Hamilton ló kọ́kọ́ to bí orí ṣe ń pá sí ìpele ní 1951. O'Tar Norwood tún un ṣe ní 1975, ìpele 7 tó là sílẹ̀ ni àwọn dókítà ṣì ń lò di òní.

Oògùn méjì tí ìwádìí tì lẹ́yìn

Àkọ́kọ́ ni minoxidil. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó rí i pé irun ń hù lára àwọn tó ń lò ó. Ní 1988, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ń fi pa orí. Orí gbígbẹ ni wọ́n ń fi pa, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Irun lè kọ́kọ́ máa já sí i ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá, bẹ́ẹ̀ irun tó ti gbó ló ń kúrò fún tuntun. Ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó lò ó.

Èkejì ni finasteride, hóró 1 mg kan lójúmọ́, tí wọ́n fọwọ́ sí fún orí pípá ní 1997. Ó ń dín DHT kù. Nínú ìwádìí ọlọ́dún 2 tí wọ́n ṣe lórí àtàrí, irun pọ̀ sí i lórí ọkùnrin 66 nínú 100 tó lò ó. Lára àwọn tí kò lo ojúlówó oògùn, 7 péré nínú 100 ni.

Ṣùgbọ́n finasteride kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń rà lu ara rẹ̀. Ó lè mú kí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ àti agbára ọkùnrin dín kù lára àwọn kan, ó sì lè mú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wá. Ó tún máa ń fa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ prostate, wálẹ̀ sí bí ìdajì. Ọkùnrin tó ń lò ó gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó ṣe àyẹ̀wò náà, nítorí ewu jẹjẹrẹ yìí pọ̀ lára ọkùnrin aláwọ̀ dúdú. Aboyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan hóró tó bá ti fọ́.

Apá orí kọ̀ọ̀kan àti ohun tí a lè retí

*Àtàrí, níbi tí irun ti ń yípo:* Ibẹ̀ ló ń gbọ́ oògùn jù, pàápàá bí irun tín-ín-rín bá ṣì wà níbẹ̀. Ibi tó ti ń dán láti ọdún pípẹ́ kì í sábà dáhùn.

*Àárín orí níwájú:* Ó ń gbọ́ oògùn, àmọ́ kò tó ti àtàrí.

*Ẹ̀bátí méjèèjì:* Ibẹ̀ ló nira jù. Ìwádìí finasteride kò fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ̀bátí kò bá sún sẹ́yìn mọ́, èrè ni. Ẹni tó ń di irun tàbí tó ní dàda, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá fífà ló ń fà á. Bí ó bá tètè tú u, irun lè padà.

*Ìpakọ́:* Bí irun bá ń lọ níbí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kókó tó ń yọ lẹ́yìn orí lẹ́yìn gígẹrun lè di àpá, irun kì í sì í hù lórí àpá. Ìtọ́jú kíákíá ló lè gba gbòǹgbò tó kù là.

Làpálàpá orí àti irun tó dédé ṣí roboto náà ní oògùn tiwọn. Minoxidil kọ́ ni.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́

Dígí ilé kò tó. Kí ẹni náà ya fọ́tò àtàrí, iwájú àti ẹ̀bátí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó tún un yà lóṣù 3, 6 àti 12. Ibì kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, orí gbígbẹ, kí bábà sì lo nọ́ńbà clipper kan náà. Kí fọ́tò náà má ṣe jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi dáì kun iwájú orí, torí dáì ń bo òótọ́. Ìlà tí abẹ bábà tì sẹ́yìn pẹ̀lú kì í ṣe orí pípá. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3, irun á hù.

Kí wọ́n dá apá kọ̀ọ̀kan lẹ́jọ́ lọ́tọ̀. Kí àtàrí kún, kí ẹ̀bátí dúró bó ṣe wà, kò túmọ̀ sí pé oògùn kùnà. Kó dúró, kó má pá sí i, iṣẹ́ ni oògùn ń ṣe yẹn. Bí ọdún kan bá pé tí ìyàtọ̀ kankan kò sí, kó padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹni tó bá dá oògùn dúró yóò pàdánù irun tó hù láàrin bí ọdún kan. Nítorí náà, kó ṣírò owó ọdún kan kó tó ra ìgò àkọ́kọ́.

Ibi tí ó yẹ kí èèyàn lọ

Ilé ìtajà oògùn tó ní apòògùn tó forúkọ sílẹ̀ ni kó ti rà á, kó sì wo nọ́ńbà NAFDAC. Dókítà awọ ara wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà, àti LASUTH, Ìkẹjà. Bí orí bá ń dunni, tó ń ṣọyún, tó ń yún gan-an tàbí tó ń di àpá, kó má ṣe dúró de oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá sì yàn láti fá orí rẹ̀ kodoro kò jẹ gbèsè oògùn kankan; orí pípá tó tọ ìran kì í pani.