Igba Ataare: Ìṣirò Ọjà àti Ìṣirò Ilé-Ẹ̀kọ́ nínú Ìtàn Òwu àti Ẹ̀gbá

Ẹni tí ó bá ń wá ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ ní ìṣirò tí yóò fi lè dá dúró láyé, kí ó kọ́kọ́ wo ìtàn Òwu. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ọjà Àpòmù ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀, lórí ataare tí wọ́n ń ta igba rẹ̀ ní owó ẹyọ márùn-ún. Iyàn dé lórí bóyá iye náà pé tàbí kò pé. Ìjà ọlọ́jà yìí ló di ogun tí ó fọ́ Òwu ní nǹkan bí ọdún 1820. A mọ̀ pé ataare nìkan kọ́ ló fa ogun. Òwò ẹrú àti ìjàdù lórí Àpòmù ti wà nílẹ̀. Síbẹ̀, orí kíkà ni iná náà ti ràn.

Kì í ṣe pé àwọn baba ńlá wa kò mọ̀ ọ́n kà. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ ìjọ tí ó gbé láàrin wa, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1887 bí àwọn ènìyàn ṣe ń ka owó ẹyọ: wọn a jókòó sílẹ̀, wọn a máa fa owó náà ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ogójì ni wọ́n ń sín pọ̀ sójú okùn kan. Àádọ́ta okùn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Ọmọ tí ó bá jókòó ti ìyá rẹ̀ lọ́jà ń kọ́ ìsọdipúpọ̀ láìmọ̀ pé òun ń kọ́ ọ. Bí ó bá pe 185 ní àrùndínláàádọ́wàá, ìyọkúrò ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe: ó yọ mẹ́wàá kúrò nínú igba, ó tún yọ márùn-ún.

Ní nǹkan bí ọdún 1834 ni àwọn ará Òwu dara pọ̀ mọ́ Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta. Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther dé ní ọdún 1846, ilé-ẹ̀kọ́ sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni iye rẹ̀, ìyẹn okùn mẹ́ta gééré. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ni ìṣirò inú síléètì. Láti ìgbà náà ni ìṣirò ọjà àti ti ilé-ẹ̀kọ́ ti ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn obìnrin ọjà ló tún so ó pọ̀. Ní ọdún 1944, ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ń darí bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Láti ọmọ ọdún 15 ni ọmọbìnrin ti ń san owó orí nígbà náà. Kì í ṣe ariwo nìkan ni wọ́n fi jà: wọ́n gba oníṣirò owó kí ó yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Èyí gan-an ni a ń sọ. Ẹni tí kò lè ka ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè bèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Ìwọ́de gbóná ní ọdún 1947, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1949.

Náírà dé ní ọdún 1973, pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Àwọn àgbà tí kò mọ̀wé ṣe àyípadà náà lórí ahọ́n: ṣílè di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì di márùn-ún, a kò sì gbọ́ pé ọjà dà rú. Ṣùgbọ́n lónìí, a ń rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba àmì dáadáa nínú ìṣirò, tí kò lè ṣètò owó oúnjẹ oṣù kan tàbí kí ó mọ iye tí àjọ yóò kó fún un.

Nítorí náà, kí a tó rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ wa lọ fún ìdánwò iṣẹ́ olùkọ́, a máa ń da àgbàdo kalẹ̀ níwájú ẹni méjì, kí ọ̀kan tà, kí èkejì rà, igba hóró, láìlo ìwé. Ó ṣọ̀wọ́n kí iye tí wọ́n kọ́kọ́ kà bára mu. A ó ní kí wọ́n da á sílẹ̀, kí wọ́n tún un kà lójú ara wọn.