EMG: Wíwọn Iná Mànàmáná Inú Iṣan

EMG ni ọ̀nà tí a fi ń wọn iná mànàmáná tí iṣan tó so mọ́ egungun ń mú jáde nígbà tó bá ń súnkì. Bí ènìyàn bá fẹ́ ká apá, ọpọlọ á ránṣẹ́ gba ọ̀pá ẹ̀yìn; iná kékeré á sì sáré gba ara àwọn fọ́nrán iṣan kọjá kí wọ́n tó súnkì. Lójú awọ, iná yìí kì í sábà ju mílífólútì 10 lọ, nítorí náà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ńlá kí a tó lè rí i.

Nínú yàrá ìwádìí, akẹ́kọ̀ọ́ á fi spirit nu awọ apá ẹnìkejì rẹ̀, á lẹ ẹlẹ́kítíróòdù méjì mọ́ iṣan iwájú apá, á lẹ ẹ̀kẹta mọ́ ibi tí egungun ti yọ. Bí apá bá sinmi, ìlà ojú kọ̀ǹpútà á tẹ́ rẹrẹ. Bó bá gbé ẹrù, ìlà náà á máa ta sókè sódò. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni yóò ṣe ga tó. Ìmọ́tótó awọ ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti rò lọ.

Emil du Bois-Reymond ará Jámánì ló rí iná yìí lára ènìyàn ní 1849. Ìfaradà rẹ̀ yẹ ní ìyìn: ó jẹ́ kí awọ apá rẹ̀ wú, kó gbomi sínú bíi ti ẹni tí iná jó, ó sì bó o kúrò kí ó má baà dí iná lọ́nà. Ní 1929, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Adrian àti Bronk, lo abẹ́rẹ́ tó ní wáyà nínú láti fi wọn iná inú iṣan. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ṣì fi ń mọ̀ bóyá inú iṣan gan-an ni àìlera ti wá, tàbí ara nẹ́ẹ̀fù (nerve) tó ń darí rẹ̀.