Òkú Ogun Bọ́mà

Láyé àtijọ́, bí ọmọ Yorùbá bá kú sí ìdálẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ a máa wá gbogbo ọ̀nà láti rí irun orí tàbí èékánná rẹ̀ gbà wálé. Lórí èyí ni wọ́n ti ń ṣe ètò ìsìnkú, bí ẹni pé òkú gan-an ni. Ogun Hítílà kò fi àyè irú àṣà yìí sílẹ̀ fún àwọn tí ó bá a lọ sí Bọ́mà.

Ní 1943 ni wọ́n kó Dìfíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Íńdíà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ àfonífojì odò Kaladan ní Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáàn jà. Igbó kìjikìji àti òkè ni gbogbo ibẹ̀. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú ni ó sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ibi tí ẹni tí ó kú bá ṣubú sí náà ni ilé rẹ̀, bí àyè bá tilẹ̀ wà láti gbẹ́lẹ̀.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ̀-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ogun ní 1942; iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n sì fún un. Ní oṣù kẹta 1944, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà létí odò nígbà tí àwọn ará Jàpáàn ṣàdédé da ìbọn bò wọ́n. Àwọn kan kú lójú ẹsẹ̀. Ọta ba Fadoyebo ní orúnkún àti ikùn. Àwọn ará abúlé kan ni wọ́n bọ́ òun àti David Kargbo, ará Sierra Leone, tí wọ́n sì fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1999 ni ó ti ròyìn ikú àwọn tí ó ṣubú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àìmọye ọ̀dọ́mọkùnrin ni kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀.

Ní Taukkyan, lẹ́bàá ìlú Rangoon tí ó di Yangon, ni òkúta ìrántí wọn wà. Orúkọ bí 27,000 ọmọ ogun tí a kò mọ sàárè wọn ni ó wà lára rẹ̀. Èdè márùn-ún ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ ìrántí síbẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, èdè Bọ́mà, Híńdì, Úúdù àti Púńjábì. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Haúsá pàápàá kò sí, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Nàìjíríà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ náà tún wá mú ọ̀rọ̀ le sí i. Orúkọ kan ṣoṣo ni akọ̀wé ogun sábà máa ń gbà lẹ́nu ọmọ ogun, a sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ kún un. Bí Òjó bá ti Ìbàdàn wá, ó di Òjó Ìbàdàn. Kò sí orúkọ bàbá, kò sí ti agboolé. Nínú gbogbo Òjó tí ó ti Ìbàdàn lọ sójú ogun, ìdílé wo ni yóò fọwọ́ sọ̀yà pé tiwọn ni èyí?