Fẹlá tí ẹ kì í gbọ́ nínú ọkọ̀

Tí ẹ bá ní kí ọmọ Ìlọrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún dárúkọ orin Fẹlá mẹ́ta, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé Zombie á wà níbẹ̀, Water No Get Enemy á wà níbẹ̀, Lady sì lè ṣe ẹ̀kẹta. Kò burú. Ṣùgbọ́n Fẹlá oníjà nìkan kọ́ ló wà nínú àwo orin ọkùnrin yìí. Jẹ́jẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, Yorùbá ló sì fi kọ púpọ̀ nínú orin ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti Koola Lobitos. London ló ti kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Trinity College of Music, ó sì tún un tò l'Ékòó lẹ́yìn tó padà délé ní 1963. Inú ẹgbẹ́ yìí ni Tony Allen onílù ti bá a. Trumpet ni Fẹlá ń fọn nígbà yẹn o, kì í ṣe saxophone tí ẹ máa ń rí lọ́wọ́ ẹ̀ nínú fọ́tò. Ìgbà tí Igo Chico fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1973 ló tó gbé ìyẹn. Highlife tí wọ́n po mọ́ jazz ni orin wọn. Ẹ wá Ololufe Mi gbọ́: ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán ni, kò bú ìjọba, kò bú ọlọ́pàá. Orin wọn ò fi bẹ́ẹ̀ tà, bóyá nítorí ẹ̀ la ṣe gbàgbé wọn. Wọ́n ti kó púpọ̀ nínú wọn jọ báyìí sínú àkójọ tó ń jẹ́ Highlife-Jazz and Afro-Soul.

Ní 1969 tí ẹgbẹ́ náà wà ní Los Angeles, tí ogun abẹ́lé ń lọ nílé, Fẹlá gba Viva Nigeria sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé ká wà ní ìṣọ̀kan. Fẹlá yín náà ni o!

Àwo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró tì ni Afrodisiac, tó jáde ní 1973. Orin mẹ́rin péré ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀kan ni Jeun Ko Ku, tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Òmíràn ni Eko Ile, níbi tó ti ń yin Èkó bí ẹni tó rìn jìnnà tí àárò ilé ń sọ. Ṣùgbọ́n Alu Jon Jonki Jon ló máa ń mú mi. Àlọ́ ni. Ẹ̀yin tí ìyá àgbà bá pàlọ́ fún á mọ̀ ọ́n: ìyàn mú, àwọn ẹranko fi ẹnu kò pé kí oníkálukú pa ìyá ẹ̀ jẹ, ajá ní tòun kọ́, ó gbé ìyá tiẹ̀ pamọ́ sọ́run, ìyá á sì máa ta okùn sílẹ̀ fún un kó lè gòkè wá jẹun. Ìjàpá wá fẹ́ jí okùn gùn, àbí ẹ ò mọ Ìjàpá? Ìyá gé okùn, Ìjàpá já lulẹ̀.

Ajá rí ìyá ẹ̀ gbé pamọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ṣọ́jà ya wọ Kalakuta, ilé Fẹlá ní Agége Motor Road. Wọ́n ju ìyá ẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé òkè. Ẹni ọdún 76 ni màmá. Wọn ò gbádùn mọ́ títí tí wọ́n fi kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́jà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló ṣe é. Mi ò sọ pé Fẹlá ríran ní 1973. Mo kàn mọ̀ pé mi ò lè gbọ́ àlọ́ yẹn báyìí kí n má rántí fèrèsé yẹn.

Orin tó kọ sí i ni Unknown Soldier, 1979. Orin ìjà ni wọ́n ń pè é, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí síbi tó ti ń ka ohun tí ìyá ẹ̀ jẹ́ fún orílẹ̀-èdè yìí. Bí ìgbà tí ọmọ bá ń ki òkú ìyá ẹ̀ níwájú pósí ló rí létí mi.

Ọ̀kan ṣì kù tí mi ò gbọdọ̀ fò: Trouble Sleep Yanga Wake Am, nínú àwo Roforofo Fight, 1972. Pidgin ló fi kọ ọ́. Ó rọra ń lọ, dùùrù ń rìn lábẹ́ ẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé, tó ń wáṣẹ́ kiri, tí ọlọ́pàá tún mú, wà nínú ẹ̀. Kò pariwo lé ẹnikẹ́ni lórí. Àánú ọkùnrin yẹn ló ń ṣe é.

Gbogbo ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Ololufe Mi, kẹ́ ẹ wá bọ́ sí Afrodisiac. Ẹ fi Unknown Soldier sí ìgbẹ̀yìn, ó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má gbọ́ ìyẹn nínú kẹ̀kẹ́ o, ẹ jókòó sílé.